Jíìpù Ọ̀nà Ọlọ́dà Nínú Ẹrẹ̀ Ajáńgbádì: Ọ̀rọ̀ Lórí Táyà àti Sípíríǹgì

 

Ajáńgbádì ni mo ń gbé. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọjọ́, láti Ìbà títí dé Okokomaiko, mọ̀ pé ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ etí ọ̀sà ni: yanrìn níhìn-ín, àbàtà lọ́hùn-ún. Bí òjò oṣù kẹfà bá dé, ọ̀pọ̀ àdúgbò a di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Àgbádárìgì, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í mú gbòòrò ní 2009, kò jìnnà sí wa. Ọkọ̀ kan náà ni a fi ń la ẹrẹ̀ kọjá ní ìdájí, òun náà ni a sì fi ń sáré lórí ọ̀dà kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìbéèrè mi ni pé: báwo ni a ṣe lè tún un ṣe fún ọ̀nà kìíní láìba ti èkejì jẹ́?

Oríṣi méjì ni ọkọ̀ tí gbogbo wa ń pè ní jíìpù. Irú kìíní ni Toyota Land Cruiser, tí a gbé ara rẹ̀ ka orí férémù onírin tó nípọn. Irú kejì ni Toyota RAV4, tó jáde ní 1994, àti Honda CR-V, tó jáde ní 1995. Ara àti férémù àwọn wọ̀nyí jẹ́ ọ̀kan náà. Bí wọ́n tilẹ̀ ga lójú, ọ̀nà ọlọ́dà ni a ṣe wọ́n fún jù lọ.

Irú kejì yìí ni mo ní. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó fi irin sí orí ṣọ́ọ̀kì, ó sì gbé ọkọ̀ náà ga ní ínṣì 3. Inú mi dùn, nítorí pé ikùn ọkọ̀ kò ha ilẹ̀ mọ́. Àmọ́ oṣù mẹ́ta kò pé tí rọ́bà tó bo oríkèé ṣáàfù iwájú fi ya. Gíríìsì tú jáde, yanrìn wọlé, ọkọ̀ sì ń dún kákáká bí mo bá ti ń yà. Ní ọjọ́ kan, danfo kan já mi lójú ọ̀nà ní márosẹ̀. Mo yí sítíárì lójijì, ọkọ̀ sì fì sí ẹ̀gbẹ́ kan débi pé ọmọ mi tó wà lẹ́yìn figbe ta. Ọlọ́run ló yọ wá. Lọ́jọ́ náà ni mo mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ arẹwà fẹ́ ìyọnu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìdí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ máa ń mú ìbú tó wà láàrin ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, wọn a sì fi ìlọ́po méjì gíga ibi tí ìwúwo ọkọ̀ parapọ̀ sí pín in. Ká sọ pé ìbú náà jẹ́ míítà 1.6, tí gíga sì jẹ́ míítà 0.70: èsì jẹ́ 1.14. Bí a bá fi mìlímítà 75, tí í ṣe nǹkan bí ínṣì 3, kún gíga náà, èsì á wálẹ̀ sí 1.03. Bí èsì bá ṣe kéré tó ni ọkọ̀ ṣe rọrùn láti dojú dé tó. Ní ti ṣáàfù, bí a bá gbé ara ọkọ̀ sókè, oríkèé rẹ̀ á tẹ̀ ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ, á sì tètè jẹ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Táyà ni kí a kọ́kọ́ mójú tó. Bí ẹ bá rí 225/65R17 lára rẹ̀, ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 225, gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 65 nínú 100 ìbú náà, ríìmù rẹ̀ sì jẹ́ ínṣì 17. Bí a bá fi 225/70R17 rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á ga sí i ní mìlímítà 11 ó lé díẹ̀, oríkèé ṣáàfù kò sì ní tẹ̀ sí i. Kí a sáà wò ó pé táyà kò ha ara ọkọ̀ bí a bá yà. Kí a sì rántí pé bí aago eré bá ń wí 100, eré wa ti tó 103. Kí ojú táyà náà jinlẹ̀, kó lè di ẹrẹ̀ mú. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú: 2319 lára táyà túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Nínú yanrìn, kí a dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀ kó lè tẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a fẹ́ ẹ padà kí a tó dé márosẹ̀, nítorí táyà tó rọ̀ a máa gbóná, a sì máa bẹ́.

Èkejì, sípíríǹgì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti rẹ̀, ó ti jókòó. Sípíríǹgì ló ń ru ẹrù. Ṣọ́ọ̀kì ló ń mú kí sípíríǹgì dẹ́kun jíjó. Bí a bá pààrọ̀ méjèèjì sí ojúlówó, ọkọ̀ á gba gíga àtilẹ̀wá rẹ̀ padà, lọ́pọ̀ ìgbà ìyẹn nìkan sì ti tó. Ẹ̀kẹta, bí kò bá tó, kí àfikún má ju ínṣì 1 lọ. Kí a yẹ rọ́bà bíréékì wò bóyá ó fà le, kí a sì tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ tò kó gún.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, bí oníbàárà bá ní kí ẹ gbé ọkọ̀ òun sókè, ẹ kọ́kọ́ bi í ibi tó ń gbà lọ síbi iṣẹ́, kí ẹ sì bi í àwọn tó ń gbé. Ẹ̀yin awakọ̀, kò sí sípíríǹgì tó lè sọ jíìpù di ọkọ̀ ojú omi: omi tó bá bo kòtò mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kó fà kí ẹ tó kọjá, nítorí ẹ́ńjìnì tó bá mu omi kì í sábà yè é. Ní tèmi, mo ti yọ irin mẹkáníìkì yẹn kúrò. Táyà àti sípíríǹgì tuntun ni mo fi ń wọ Ajáńgbádì báyìí. Ikùn ọkọ̀ a ṣì máa ha ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ mi kò figbe ta mọ́.