Sítáǹpù Èkó àti Ẹgbẹ́ Àwọn Tí Ń Kó O Jọ

Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ sítáǹpù ni a ó sọ, àwọn kan láàrin yín rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní eré ọmọ ilé-ìwé ni. A kò bá wọn jà. A kàn bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi etí sílẹ̀ títí a ó fi dé Èkó ti ọdún 1874, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀ ilé wa.

Kí òyìnbó tó mú ìwé dé, àwọn baba wa ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, èyí nì ni àrokò. Ẹni tí a bá fi ẹyọ owó mẹ́fà ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà mọ́ òun, nítorí pé ẹ̀fà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ẹni tí ó ránṣẹ́ ni ó ń wá ìránṣẹ́, òun náà ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1840, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí a kọ lẹ́tà sí ni ó ń san owó rẹ̀, owó náà sì wọ́n. Rowland Hill ni ó dá a lábàá pé kí ẹni tí ó kọ lẹ́tà san owó ṣáájú, kí ó sì lẹ tákàdá kékeré kan mọ́ ọn fún ẹ̀rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù May ọdún 1840 ni sítáǹpù kìíní láyé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: dúdú ni, kọ́bọ̀ kan ni iye rẹ̀, orí Ọbabìnrin Victoria sì ni ó wà lára rẹ̀.

Èkó bọ́ sí ọwọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1861. Ní ọjọ́ 10 oṣù June ọdún 1874 ni ó ní sítáǹpù tirẹ̀. Ilé iṣẹ́ De La Rue ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó tẹ̀ wọ́n. Oríṣi mẹ́fà ni wọ́n: ti kọ́bọ̀, ti kọ́bọ̀ méjì, ti tọ́rọ́, ti kọ́bọ̀ mẹ́rin, ti sísì àti ti ṣílè kan. Orí Ọbabìnrin kan náà ni ó wà lára gbogbo wọn, pẹ̀lú orúkọ ìlú, LAGOS. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí orúkọ yìí. Ní ọdún 1874 kan náà ni a fi Èkó sí abẹ́ ìjọba Gold Coast, ibẹ̀ ni a sì ti ń pàṣẹ fún un títí di ọdún 1886. Fún ọdún méjìlá, nínú ìwé àwọn aláṣẹ, ẹ̀ka ilẹ̀ ẹlòmíràn ni Èkó jẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kò kúrò lára sítáǹpù rẹ̀. Oníṣòwò tí ó gba lẹ́tà láti Èkó ní Liverpool kò mọ nǹkan kan nípa àṣẹ Gold Coast. Èkó ni ó rí.

Ẹ wò ó bí tákàdá kékeré yìí ti ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá gbọ́ èdè rẹ̀. Bí a bá gbé méjì nínú sítáǹpù kọ́bọ̀ kan ti Èkó kalẹ̀, tí àwọ̀ wọn jẹ́ ọ̀kan, tí orí ara wọn jẹ́ ọ̀kan, ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Akósítáǹpù kì yóò gbà. Yóò mú ìwọ̀n rẹ̀ jáde, yóò ka eyín etí wọn. Bí eyín tí ó wà nínú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì bá jẹ́ méjìlá àbọ̀, ti ọdún 1874 nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rìnlá, yóò mọ̀ pé ó di ọdún 1876 kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà yóò yí i padà, yóò wá àmì tí ó wà nínú ara tákàdá fúnra rẹ̀, èyí tí a kì í rí àfi bí a bá gbé e sí iwájú ìmọ́lẹ̀. Adé àti lẹ́tà CC ni ti ìṣáájú. Láti ọdún 1882 ni adé àti lẹ́tà CA ti rọ́pò rẹ̀. Bí a kò bá kọ ọdún kankan sí ara rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè fara pamọ́ pátápátá. Ní ọdún 1893 ẹ̀wẹ̀, nígbà tí a nílò sítáǹpù ẹ́ẹ́pínnì, Èkó gan-an ni a ti mú ti kọ́bọ̀ mẹ́rin tí a sì tẹ ọ̀rọ̀ HALF PENNY lé e lórí. Ìwọ̀nyí kò pọ̀ bí àwọn yòókù, àwọn tí ó mọ iyì wọn kì í sì í jẹ́ kí wọ́n bọ́.

Ní ọdún 1906 a da Èkó pọ̀ mọ́ Southern Nigeria, sítáǹpù Èkó sì parí. Ọdún 1914 ni orúkọ Nàìjíríà kọ́kọ́ hàn lára sítáǹpù, pẹ̀lú orí Ọba George Karùn-ún. Orí ọba ni a ń rí ṣáá. Kódà nígbà tí a ṣe ti ayẹyẹ ọdún karùn-dín-lọ́gbọ̀n ọba ní 1935, ààfin Windsor ni a yà sí i, bí ẹni pé ilẹ̀ wa kò ní ohun tí ojú lè rí. Ó di ọdún 1936 kí a tó rí iṣẹ́ ọwọ́ àti ilẹ̀ tiwa: èbúté Àpápá lára ti ẹ́ẹ́pínnì, kòkó lára ti kọ́bọ̀ kan, odò Ọya ní Jẹ́bà lára ti ṣílè mẹ́wàá. Ọdún méjì péré, orí ọba sì tún padà sí ara ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1938 yìí kan náà ni a wú àwọn orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1953, iṣẹ́ idẹ Ifẹ̀ wà lára sítáǹpù Nàìjíríà, ó ń kiri ayé.

Ọba George Karùn-ún tí a dárúkọ yìí kì í ṣe ẹni tí orí rẹ̀ kàn wà lára sítáǹpù. Akósítáǹpù ni òun fúnra rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akósítáǹpù kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí a dá sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù April ọdún 1869. Ààrẹ wọn kìíní ni Sir Daniel Cooper, ẹni tí ó ti jẹ́ olórí ilé aṣòfin New South Wales ní Ọsirélíà. Láti ọdún 1896 títí di ọdún 1910 tí ó gun orí oyè, George ni ààrẹ ẹgbẹ́ náà. Ní ọdún 1904 ó san £1,450 lórí sítáǹpù kọ́bọ̀ méjì kan ṣoṣo ti erékùṣù Mauritius, èyí tí a tẹ̀ ní ọdún 1847. Ní ọdún 1906 ni bàbá rẹ̀, Ọba Edward Keje, fún ẹgbẹ́ náà ní àṣẹ láti máa jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ ọba. Bí ó bá jẹ́ eré ọmọdé ni, àwọn ọmọdé tí ó ṣe é tóbi díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ni a fẹ́ kí ẹ wò. Ohun tí ẹgbẹ́ náà ń ṣe ni kí ẹ wò. Wọ́n ń pàdé, ẹnì kan a kó tirẹ̀ wá, a tẹ́ ẹ, a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn yòókù. Wọ́n ní ilé ìwé. Láti ọdún 1892 ni wọ́n ti ń tẹ ìwé ìròyìn tiwọn jáde. Ní ọdún 1894 wọ́n yan ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tí ń yẹ sítáǹpù wò láti mọ ojúlówó yàtọ̀ sí ayédèrú, nítorí pé níbi tí owó bá wà, olè kì í jìnnà: àwọn kan a máa fi oògùn fọ àmì kálàmù kúrò lára sítáǹpù tí a ti lò fún ìwé owó orí, wọn a sì tẹ òǹtẹ̀ èké lé e. Igbákejì ààrẹ wọn nígbà kan, Thomas Tapling, aṣòfin, kú ní ọdún 1891. Ó fi gbogbo èyí tí ó kó jọ sílẹ̀ fún ilé ìṣúra ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì sí ẹni tí ó tú u ká. Títí di òní ó wà ní odindi nínú ilé ìwé ìjọba wọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ nípa sítáǹpù ayé láti 1840 dé 1890 lè lọ síbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ nípa lẹ́tà Èkó ní òní, ọ̀dọ̀ àwọn àjèjì ni yóò kọ́kọ́ lọ. Láti ọdún 1950 ni ẹgbẹ́ kan ti wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń fi ara balẹ̀ wádìí sítáǹpù àti òǹtẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, iṣẹ́ rere sì ni wọ́n ń ṣe. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ lẹ́tà wọ̀nyí? Àwọn Sàró tí wọ́n ní ará ní Freetown ni, àwọn Àgùdà tí wọ́n fi ìyá sílẹ̀ ní Bahia, àwọn oníṣòwò, àwọn àlùfáà, àwọn ọmọ tí a rán lọ kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n kọ ọ́ ni baba wa. Àpótí wọn ṣì wà ní òkè àjà ní ọ̀pọ̀ ilé, níbi tí ikán àti òjò ti ń pín wọn jẹ. Nígbà tí a bá fẹ́ tún ilé kọ́, a ó kó wọn jáde, a ó dáná sun wọ́n. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àwa ni a ní àkísà náà, àwa náà ni a ń sun ún. Lóde òní tí ọ̀rọ̀ ti ń gba inú fóònù kọjá, ẹni tí ń kọ lẹ́tà ti dín kù, èyí tí ó bá sì jóná kò ní arọ́pò.

Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá pé kí ẹ̀ka kékeré kan bẹ̀rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa, tí yóò máa pàdé ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. A kò béèrè owó púpọ̀. Ìwé àkójọ kan, ìwọ̀n eyín kan, awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, àti ẹ̀mú kékeré láti fi gbé sítáǹpù kí òógùn ọwọ́ má bà á jẹ́, wọ̀nyí tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní méjì irú kan náà yóò fi ọ̀kan sínú ìwé pàṣípààrọ̀ tí yóò máa ti ọwọ́ dé ọwọ́. A ó sì yan akọ̀wé tí yóò kọ orúkọ ìlú tí ó wà nínú òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ilé tí lẹ́tà náà ti wá, kí onílé sì mú lẹ́tà rẹ̀ padà sílé bí ó bá fẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni ó kù. Ẹ má ṣe rẹ sítáǹpù sínú omi láti yọ ọ́ kúrò lára àpò lẹ́tà, ẹ má sì ṣe gé e. Sítáǹpù nìkan sọ iye owó tí a san. Àpò lẹ́tà ni ó sọ ẹni tí ó kọ ọ́, ibi tí ó ti kúrò àti ọjọ́ tí ó dé. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ohunkóhun. Bí ikán bá ti jẹ etí rẹ̀, bí iná àtùpà bá ti mú un pọ́n, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ mú un wá.