Ẹ Jẹ́ Ká Ya Máàpù Ẹ̀rín fún Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ jọ́gíráfì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi lónìí.

Máàpù tí ẹ kọ́ wa yà dáa. Títì wà níbẹ̀, odò Ọ̀sẹ̀ wà níbẹ̀, Ifọ́n àti Ìdóàní wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ èèyàn kan nínú rẹ̀! Èyí tí mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa yà sára ògiri ilé-ìwé, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ni yóò kún un.

Ẹ wò ó ná. Ní ààfin, Ọlọ́wọ̀ di irun, wọ́n kó ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn, wọ́n ń jó ijó Ìgógó. Onílù kan jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń sunkún, torí agogo ló ń dún nígbà Ìgógó, èèwọ̀ ni ìlù. Ìyáálé kan ń sáré fi gèlè pamọ́ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Lápá kejì, Olóyè Ajasin di ṣọ́ọ̀kì mú lọ́wọ́ kan bíi ti ọ̀gá ilé-ìwé Imade College, wọ́n di ìwé ìjọba mú lọ́wọ́ kejì bíi ti gómìnà 1979 sí 1983. Àwọn olóṣèlú onífìlà gogoro ń tì ara wọn wọlé: Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti ṣí ẹgbẹ́ Action Group ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, 1951.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ó dáa. Ẹ̀rín yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Gbogbo wa la gbọ́ ìtàn Orọ̀nṣẹ́n, ayaba Ọlọ́wọ̀ Rẹ́rẹ́ngẹ́jẹ́n, tó sá kúrò nílé torí pé àwọn orogún rẹ̀ lọ ilá lójú rẹ̀. Torí ilá! Igbó Laja ni wọ́n ní ó ti pòórá. Láàárín 1969 sí 1971, awalẹ̀pìtàn Ekpo Eyo gbẹ́ ilẹ̀ Igbó Laja yẹn gan-an. Ère amọ̀ tó ti tó nǹkan bí 600 ọdún ló bá níbẹ̀, tí gbogbo ayé ń wò títí dòní. Ìtàn tí à ń fi ṣẹ̀rín ló ti mọ ibi tí ìṣúra wà tipẹ́.

Ẹ má sì pe àwòrán ní eré ọmọdé. Akinola Lasekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, àwòrán ẹ̀fẹ̀ ló fi bá òyìnbó amúnisìn jà nínú ìwé ìròyìn West African Pilot.

Ibi méjì kan wà tí a kò ní fi ẹ̀fẹ̀ sí: ṣọ́ọ̀ṣì St. Francis, ọjọ́ 5 oṣù kẹfà, 2022. Àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ti pa Olúfọ́n, Ọba Israel Adewusi, ní oṣù kọkànlá, 2020. Àtùpà lásán ni ká yà síbẹ̀. Ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín bọ̀ yóò dákẹ́, yóò sì béèrè.

Nítorí náà, ẹni tó wá láti Ìpele, Uté, Òkèlúsé, níbikíbi: kí a tó tún pàdé, ẹ lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé yín, kí ẹ kọ ìtàn ẹ̀rín kan ṣoṣo sílẹ̀. Àgbà tó ti sùn kò lè júwe ọ̀nà mọ́.