Bátìrì Kú, Géèjì Ń Purọ́: Ẹ Má Tíì Ra Dáṣíbọ́ọ̀dù

  

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ lónìí. Olùgbọ́ wa kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló fi ohùn ránṣẹ́. Ó ní: “Àbúrò, bátìrì ọkọ̀ mi kú, wọ́n yá ti ẹlòmíràn, wọ́n fi sítáàtì ẹ̀. Látìgbà náà, ọkọ̀ á dúró sójú kan, géèjì á ní mò ń sá ogójì. Epo tí mo mọ̀ pé ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ní táǹkì kún. Wọ́n ní kí n lọ ra odidi dáṣíbọ́ọ̀dù. Ṣé òótọ́ ni?”

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì náwó kankan. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ó wọ́pọ̀ lágbègbè wa, ìdí rẹ̀ ò sì ṣókùnkùn. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn èèyàn wa ti ń lọ sí Côte d'Ivoire. Èjìgbò níbí ni bọ́ọ̀sì ti ń gbéra lọ sí Abidjan. Ẹni tó wà lájò á ra ọkọ̀ sílé, ó di ìparí ọdún kó tó tún fojú kàn án. Oṣù mẹ́jọ, oṣù mẹ́sàn-án, bátìrì wo ni ò ní kú? Ó dé tán, òde ti wà nílẹ̀, kò sáyè. Wọ́n á yá bátìrì aládùúgbò, wọ́n á sítáàtì ọkọ̀, wọ́n á tú bátìrì yẹn kúrò nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n á gbé èyí tó kú padà síbẹ̀. Gbogbo wa la ti rí i rí.

Nínú ọkọ̀ Ìjàpá àwọn bàbá wa, Volkswagen ìgbà yẹn, géèjì epo ò lọ́gbọ́n kankan nínú. Iná ló ń gba ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, irin á gbóná, á tẹ̀, á ti ọwọ́ géèjì sókè. Tẹ́ ẹ bá pa kọ́kọ́rọ́, irin á tutù, ọwọ́ á padà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Bátìrì ì báà kú nígbà ọgọ́rùn-ún.

Àwọn tòkunbọ̀ tí à ń gùn báyìí yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, mọ́tò kékeré kan ló wà lẹ́yìn ọwọ́ géèjì kọ̀ọ̀kan, stepper motor ni wọ́n ń pè é. Ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀ ló ń rìn. Ọ̀kan tó wọ́pọ̀ gan-an nínú wọn, X27.168, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló ń gbé kó tó yí digírì kan, ó jẹ́ 945 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò lójú, kò mọ ibi tóun dúró sí. Kọ̀ǹpútà inú dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń bá a ka ìṣísẹ̀. Tí iná bá já lójijì nígbà tí ọwọ́ wà lágbedeméjì, tàbí tí bátìrì rọ débi pé kọ̀ǹpútà kú kó tó dá ọwọ́ padà sí òdo, òǹkà dàrú nìyẹn. Bí ẹni tó ń ka owó tí wọ́n pè lórúkọ. Ó rò pé orí òdo lòun wà, orí ogójì ló sì wà.

Àìsàn mìíràn tún wà tó jọ ọ́, kí mọ́tò náà fúnra rẹ̀ gbó. Lára ọkọ̀ General Motors tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2006 ní Amẹ́ríkà, wọ́n bàjẹ́ rẹpẹtẹ débi pé pípààrọ̀ wọn di òwò. Ìyẹn ni a ní láti pààrọ̀. Èyí tí òǹkà rẹ̀ kàn dàrú, àtúnkà ló fẹ́.

Kí ló dé tí mo fi ń sọ̀rọ̀ tó báyìí? Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ta ló ń ra epo kún táǹkì mọ́? Díẹ̀díẹ̀ là ń rà á, géèjì la gbọ́kàn lé. Kí epo tán lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́, kò dáa. Àmọ́ géèjì ooru ni mo bẹ̀rù jù. Ọwọ́ lè ṣì sókè, ó sì lè ṣì sísàlẹ̀. Omi á máa hó nínú radiétọ̀, ọwọ́ á jókòó jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀, ẹ̀yin náà á máa sáré lọ títí gásíkẹ́ẹ̀tì á fi jó. Iye tẹ́ ẹ máa san nídìí ẹ́ńjìnnì, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká dárúkọ ẹ̀.

Àtúnṣe wá ńkọ́? Bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dojú kọ. Kí riwáyà fi mítà wò ó: tó bá kún, tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní pípa, á tó fóltì 12.6. Tó bá jẹ́ 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Tẹ́ ẹ bá ń sítáàtì, kò yẹ kó já ju nǹkan bí 9.6 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.5 sí 14.7 ló dáa. Tó bá kọjá 15, alternator ń se bátìrì àti dáṣíbọ́ọ̀dù pọ̀ nìyẹn. Kí wọ́n ha orí bátìrì tó ti hu funfun, kí wọ́n sì fún wáyà tó so bátìrì mọ́ ara ọkọ̀ le dáadáa.

Tí iná bá ti dúró ire, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ tú orí negative, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. (Rédíò kan wà tó máa béèrè kóòdù lẹ́yìn náà o, ẹ ti wá a sílẹ̀.) Ẹ dè é padà, ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ géèjì. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, gbogbo wọn á sá padà sí òdo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ òǹkà lákọ̀tun. Tí ọ̀kan bá kọ̀, tó ti fo irin kékeré tó ń dá a dúró, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìdí súkúrú fà á. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni kó tú u.

Tí ọwọ́ bá padà sí òdo tí géèjì epo ṣì ń purọ́, inú táǹkì lẹ ó lọ, nídìí ohun tó ń léfòó lórí epo. Ní ti ooru, ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí wọ́n ṣe láti 1996 síwájú ní ihò kan lábẹ́ sítiárìn tí wọ́n ń ki sìkáánà sí. Á sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná gan-an; 85 sí 100 digírì ni ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Kẹ́ ẹ tó fi wé géèjì, ẹ má tíì gbé ọkọ̀ náà rìnnà jíjìn.

Odidi dáṣíbọ́ọ̀dù láti Ladipo? Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iye ìrìn ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ ọ́ ló máa bá a wá. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ta ọkọ̀, ẹ ó ṣàlàyé tì. Mọ́tò tó bá kú, ẹsẹ̀ mẹ́rin péré ni wọ́n fi sódà mú. Riwáyà tó mọwọ́ á yọ ọ́, á fi òmíràn sí.

Mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àwọn ọ̀gá kan á bínú sí mi. Títú bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, bóyá láti dán alternator wò tàbí láti dá bátìrì oníbátìrì padà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́. Iná alternator á ru sókè lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí bátìrì tó máa gbà á mọ́ra. Ìjàpá lè fara dà á, kọ̀ǹpútà ò lè ṣe é.

Ẹ̀yin ará Abidjan, kẹ́ ẹ tó gbéra padà, ẹ tú orí negative yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì sọ fún ẹni tó wà nílé.

Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ padà. Ẹ sọ irú ọkọ̀ tó jẹ́ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, ẹ ò sọ ọ́ níjẹ̀ẹ́ta.