Ọ̀rọ̀ Ẹnu Aláìsàn Níwájú Dókítà

Àwọn àgbà ní, àrùn là á wò, a kì í wo ikú. Ṣùgbọ́n àrùn tí aláìsàn kò bá lè ṣàlàyé, ó máa ń ṣòro fún oníṣègùn láti wò. Irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ètò òní dá lé lórí.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà ní iwájú ọrùn, ní ìsàlẹ̀ gògóńgò. Ìrísí rẹ̀ dà bí labalábá tí ó na ìyẹ́. Tairọ́ìdì ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Oje tí ó ń sun sínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń pinnu bí iṣẹ́ ara yóò ṣe yá tó: bí ọkàn yóò ṣe lù, bí ara yóò ṣe móoru, bí oúnjẹ yóò ṣe dà. Bí oje náà bá dínkù, gbogbo ara a máa falẹ̀. Ó lè máa rẹ ènìyàn láìṣe iṣẹ́. Òtútù lè máa mú un nígbà tí ooru ń mú àwọn ẹlòmíràn. Ó lè sanra sí i, kí ìgbẹ́ rẹ̀ le, kí awọ ara rẹ̀ gbẹ, kí irun rẹ̀ máa já, kí ohùn rẹ̀ há, kí iyè rẹ̀ sì máa ra.

Yorùbá ní orúkọ fún ọrùn tí ó wú: gẹ̀gẹ̀ ni. Àìtó áyódínì nínú oúnjẹ wà lára ohun tí ń fà á. Ìwádìí tí O. L. Ekpechi gbé jáde ní 1967 lórí ìhà Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà tún so ó pọ̀ mọ́ àjẹjù ẹ̀gẹ́, nítorí májèlé inú ẹ̀gẹ́ tí a kò rẹ dáadáa lè dí tairọ́ìdì lọ́wọ́ láti gba áyódínì. Ní 1993, ìjọba Nàìjíríà sọ ọ́ di dandan láti fi áyódínì sí iyọ̀.

Ṣùgbọ́n tairọ́ìdì lè falẹ̀ láìjẹ́ pé ọrùn wú, èdè kò sì ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ fún èyí. Orúkọ mìíràn ni wọ́n ń fún un. Wọ́n á ní ibà ni, tàbí ọjọ́ ogbó, tàbí ìwà ọ̀lẹ. Àwọn kan á ní ọwọ́ ayé ni. Nítorí náà, àlàyé aláìsàn ni yóò dúró bí orúkọ.

Ẹ fi ojú inú wo olùkọ́ kan tí ó ti Sábó lọ sí ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí ń retí dókítà pọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi sọ tirẹ̀. Bí ó bá wí pé, "Dókítà, ó ń rẹ̀ mí, ara mi kò yá," ọ̀rọ̀ yìí bá ọgọ́rùn-ún àìsàn mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá wí pé, "Láti oṣù kẹjọ èṣí ni. Kíláàsì mẹ́rin ni mo máa ń dúró kọ́ lójúmọ́. Nísinsìnyí, bí mo bá kọ́ méjì, àga ni mo ń wá. Kùbùsù ni mo sì fi ń sùn nínú ooru oṣù kẹta," dókítà ti rí ibi tí yóò gbà wọlé.

Kí aláìsàn kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kí ọjọ́ náà tó pé. Kí ó bèèrè nílé bóyá gẹ̀gẹ̀ tàbí àìsàn tairọ́ìdì wà nínú ẹbí. Bí ó bá lóyún, tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó sọ ọ́, nítorí ọpọlọ ọmọ inú oyún nílò oje yìí. Kí ó kó gbogbo oògùn rẹ̀ dání, ti òyìnbó àti àgbo. Amiodarone tí wọ́n fi ń tọ́jú ọkàn, àti lithium tí wọ́n fi ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ, lè dí tairọ́ìdì lọ́wọ́. Biotin tí àwọn ènìyàn ń lò fún irun àti èékánná sì lè sọ èsì àyẹ̀wò di irọ́. Kí ìtìjú má jẹ́ kí ó fi àgbo pamọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọn yóò gbà fún àyẹ̀wò. TSH ni àṣẹ tí ẹ̀yà kan ní abẹ́ ọpọlọ ń pa fún tairọ́ìdì. T4 ni oje tairọ́ìdì fúnra rẹ̀. Bí ọ̀gá bá ń pariwo tí ọmọ iṣẹ́ kò dáhùn, TSH yóò ga, T4 yóò sì wálẹ̀. Kí aláìsàn bèèrè iye méjèèjì, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí dókítà bá fún un ní levothyroxine, kí ó fi omi lásán lò ó lórí òfìfo inú, ó kéré tán ní 30 ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ. Kí ó sì fi wákàtí mẹ́rin sí àárín rẹ̀ àti oògùn ẹ̀jẹ̀. Kí ó má ra á fúnra rẹ̀, nítorí àpọ̀jù rẹ̀ lè kó bá ọkàn.

Ní 1891, dókítà George Murray ní Newcastle, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí fi omi tí ó yọ lára tairọ́ìdì àgùntàn tọ́jú obìnrin ẹni ọdún 46 kan. Obìnrin náà wà láàyè títí di 1919. Àrùn tí ó gbóògùn báyìí kò yẹ kí ó sọ ẹnikẹ́ni di ọ̀lẹ lójú ará ilé rẹ̀. Ẹni tí ó bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹni tí ó sì fẹ́ rí ìwòsàn, kí ó kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ rẹ̀.