Ogun Tí Ara Ń Bá Kòkòrò Erìgì Jà

 

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde ní erìgì ẹni tí ń run orín, kíá ni yóò sọ pé orín náà ni ó le, tí yóò sì pa á tì. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, àmì ogun ni ẹ̀jẹ̀ náà. Ta ni ó ń bá ta jà?

Àìmọye kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, èyí tí a ń pè ní bakitéríà, ni ó ń gbé ẹnu wa. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àmọ́ bí èérí bá lẹ̀ mọ́ ìdí eyín tí a kò fọ̀ ọ́ kúrò, àwọn ọ̀tá a fi ibẹ̀ ṣe ibùba. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Porphyromonas gingivalis.

Bí ara bá ti fura, àwọn kan nínú ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ funfun a bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè ohun ìjà kan. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní agbógunti-kòkòrò. Ohun ìjà yìí kò dà bí òkò òru: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀tá tí a ṣe é fún, bí kọ́kọ́rọ́ ti í ní àgádágodo tirẹ̀. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀tá náà, a di àmì tí àwọn ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀ tí ń gbé kòkòrò mì fi ń dá a mọ̀. Irú kan wà nínú itọ́. Òmíràn ń bá ẹ̀jẹ̀ wá sí erìgì.

Kí ló wá dé tí eyín fi ń mì, tí ó sì ń yọ, nígbà tí agbógunti-kòkòrò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ aláìsàn? Èkíní, èérí jẹ́ odi fún kòkòrò, ẹ̀jẹ̀ kì í sì í ṣàn dé ojú eyín tí ó lẹ̀ mọ́. Èkejì, Porphyromonas gingivalis ní èròjà tí ń gé agbógunti-kòkòrò sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀kẹta, bí ogun bá pẹ́, ilé ni ó ń bàjẹ́: erìgì tí ó wú a ṣí kúrò lára eyín, ìjà náà a sì máa jẹ eegun tí ó di eyín mú. Bí ògiri bá ti lanu, aláǹgbá ráyè wọlé nìyẹn.

Ní ọdún 1965, Harald Löe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aarhus, ní ilẹ̀ Denmark, ní kí ènìyàn 12 tí erìgì wọn dá ṣáṣá dáwọ́ eyín fífọ̀ dúró. Láàrin ọjọ́ 10 sí 21, erìgì gbogbo wọn ti wú. Nígbà tí wọ́n padà sí fífọ eyín, ó sàn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Ọmọ-ogun inú ara kò lè dá odi náà wó. Ọwọ́ wa ni yóò bá a wó o. Ẹni tí ó torí ẹ̀jẹ̀ pa orín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tì ń bá ọ̀tá mọ odi ni. Kí ó rọra máa fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí èérí bá ti le bí òkúta, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, kí ó tètè tọ oníṣègùn eyín lọ, nítorí eegun tí ó bá ti jẹ tán ṣòro láti dá padà.