Ọ̀rọ̀ Nípa Alhaji Lateef Jákàńdè



Gbogbo wa mọ orúkọ Alhaji Lateef Jákàńdè, gómìnà Èkó láti 1979 títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní òpin 1983. Èkó ni a bí i sí ní 1929, ṣùgbọ́n Òmù-Àrán ni orírun rẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ló kọ́kọ́ ṣe. Ó sì bá Olóyè Awólọ́wọ̀ ṣẹ̀wọ̀n.

Nígbà tó gorí àlééfà, ilé ẹ̀kọ́ kò tó: àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, àwọn mìíràn lọ́sàn-án. Jákàńdè sáré kọ́ kíláàsì tí kò lẹ́wà, ó sì fòpin sí i. Àwọn kan ní ilé adìyẹ ni. Àwọn tó kàwé níbẹ̀ ti di ẹni ńlá lónìí. Òun fúnra rẹ̀ kò kúrò nínú ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló sì ń gùn.

Ó ṣe mínísítà lábẹ́ Abacha ní 1993, ọ̀pọ̀ nínú wa sì bínú sí i. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní 2021, kíláàsì wọ̀nyẹn ni a fi ń rántí rẹ̀.

Owó ẹgbẹ́ wà nílẹ̀. Gbọ̀ngàn ẹlẹ́wà ni àwọn kan fẹ́ kí á fi kọ́. Ìwé mẹ́fà ni èmi akọ̀wé yín kà, mo sì mọ ohun tí ó fi dù mí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ kíláàsì fún àwọn ọmọ wa ná.