Iṣẹ́ Abẹ Pàjáwìrì Lásìkò Kòrónà

Nígbà tí àrùn kòrónà gbòde lọ́dún 2020, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn sún iṣẹ́ abẹ tó lè dúró síwájú. Ṣùgbọ́n aboyún tí ọmọ há sí nínú kò lè dúró.

Kí ló le níbẹ̀? Lẹ́yìn tí dókítà bá ti fún aláìsàn lóògùn oorun, ó sábà máa ń ti rọ́bà bọ ọ̀nà èémí rẹ̀. Èémí tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbé kòkòrò àrùn kòrónà. Nítorí náà, lásìkò yẹn, àwọn tí kò níṣẹ́ níbẹ̀ máa ń jáde. Ẹni tó mọṣẹ́ jù ló máa ń ti rọ́bà náà. Fún aboyún, abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n sábà ń yàn: kò ní mọ ìrora, yóò sì máa mí fúnra rẹ̀.

Ìmúra yìí máa ń gba àkókò lásìkò yẹn. Nítorí náà, bí irú àrùn bẹ́ẹ̀ bá tún gbòde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìbẹ̀rù rẹ̀ dá yín dúró sílé. Ẹ tètè lọ sí ilé ìwòsàn.